Ìṣáwùrú Mẹ́ta Tí Oyèníhùn Fi Ṣẹ́gun Ọlọ́kọ̀

Ẹ yà lọ́nà díẹ̀, ẹ jẹ́ kí Oyèníhùn Àbẹ̀ní kọjá: ọmọ Adéṣínà tó wá ewúrẹ́ kan ṣoṣo fún ọdún mẹ́ta títí tó fi rí i lágbàlá ẹni tó ń bá a wá a, ọmọ obìnrin tó dá alápatà padà láti ojúde nítorí pé egungun pọ̀ ju ẹran lọ, agbẹ̀bí tó fi ọdún márùndínlógójì gbẹ̀bí ní Ìkirè, tó fi jẹ́ pé kò sí gbajúmọ̀ kan ládùúgbò tí kò tíì gbá ní ìdí rí kó tó sunkún àkọ́kọ́. Ọmọ tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ni yóò jọ. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ irú èèyàn bẹ́ẹ̀ jẹ, ṣe ni kó kọ́kọ́ lọ bá àwọn ará ilé rẹ̀ dágbére.

Nígbà tí Oyèníhùn fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, àwọn aboyún abúlé kò fẹ̀yìn tì lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ń pè é láti abúlé Wáásinmi, wọ́n ń pè é láti oko, ọ̀kadà ló sì fi ń lọ, lórí ọ̀nà tó ń mi èèyàn bí ẹni ń ku èlùbọ́. Ìgbà tí ìbàdí rẹ̀ kò gbà á mọ́ ló mú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ jáde pé òun yóò ra ọkọ̀.

Àsìkò náà gan-an ni Gbólágadé, ọkùnrin kan tó ń wọn ilẹ̀, gbé àwòrán ọkọ̀ rẹ̀ sórí fóònù pé òun fẹ́ tà á. Ọkọ̀ náà pupa bí ẹyìn tó pọ́n, ó ń dán bí orí ọkọ ìyàwó. Gbólágadé ní bàbá òun àgbà ló ni ín, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni bàbá sì ń wà á, lọ sí ìpàdé, bọ̀ nílé. Oyèníhùn sanwó, ó gba rìsíìtì, ó wa ọkọ̀ délé, àwọn ará àdúgbò sì gbàdúrà sí i títí ẹnu fi ń ro wọ́n.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọkọ̀ náà fi jẹ́ ọkọ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá, nígbà tí akọni wa ń sáré lọ gbẹ̀bí ní Wáásinmi, iná ọkọ̀ kú, ọkọ̀ dúró, fèrè bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fúnra rẹ̀, kò sì dákẹ́. Oyèníhùn gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó fi ẹsẹ̀ rìn ín. Kó tó débẹ̀, ọmọ ti wáyé, ìyá ọkọ ló gbà á. Tọmọtìyá wà láyọ̀, ṣùgbọ́n agbẹ̀bí jókòó tì wọ́n. Ó ń ro ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni ogun ti bẹ̀rẹ̀.

Jímọ̀ mẹkáníìkì wá fa ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ṣí búùtù, ó sì gbé táyà ìpamọ́ kúrò. Ẹrẹ̀ gbígbẹ ló wà nísàlẹ̀, ìṣáwùrú mẹ́ta sì jókòó sínú ẹrẹ̀ náà bí olóyè.

Jímọ̀ ní, “Mọ̀mí, ọkọ̀ yìí ti mu omi rí.”

“Bóyá òjò ló wọ̀ ọ́.”

“Òjò kì í bí ìṣáwùrú, Mọ̀mí. Odò ló gbé e.”

Oyèníhùn pe Gbólágadé. Ohùn ọkùnrin náà tutù bí omi inú àmù. Ó ní, “Ẹ wo rìsíìtì yín. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ẹ ṣe bá a lẹ ṣe rà á. Ọjà ti tà, ó ti tán.”

Àwọn ará àdúgbò ní kó fi ìjà fún Ọlọ́run jà. Oyèníhùn ní, “Mo ti fi fún un. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n mú ìwé ẹjọ́ wá fún un.”

Kí ni Balógun ń ṣe kó tó jáde ogun, tí akọni yìí kò ṣe? Ó lọ bá lọ́yà kan, ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ̀bí rẹ̀. Lọ́yà ní kó má wa ọkọ̀ náà mọ́ rárá, nítorí ẹni tó fẹ́ dá ọjà padà kì í máa lò ó. Oyèníhùn gbé e kalẹ̀ bí òkú ọba tí a kò tíì túfọ̀ rẹ̀. Jímọ̀ kọ ohun tó rí sínú ìwé, ó sì fọwọ́ sí i. Wọ́n ya àwòrán ẹrẹ̀. Oyèníhùn wá inú fóònù rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ó kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí Gbólágadé fi ohùn ara rẹ̀ ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń ná ọjà jọ. Lọ́yà kọ lẹ́tà fún ọkùnrin náà, ó fún un ní ọjọ́ mẹ́rìnlá kó fi gba ọkọ̀ rẹ̀ padà, kó sì dá owó padà. Ọjọ́ mẹ́rìnlá pé, Gbólágadé kò fọhùn. Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù májísíréètì.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, Oyèníhùn wọlé bí àfẹ̀mọ́júmọ́, gèlè rẹ̀ ga bí òkè, ìṣáwùrú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ìgò kékeré lọ́wọ́ rẹ̀. Gbólágadé kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò mọ̀ pé ọkọ̀ náà wọ omi rí, ó sì ní, “Olúwa mi, mo bẹ màmá yìí pé kí wọ́n mú mẹkáníìkì wá wò ó. Wọ́n kọ̀.”

Ìyá àgbà agbẹ̀bí kò bá a jiyàn. Ó tẹ fóònù rẹ̀, ohùn Gbólágadé sì kún ilé ẹjọ́: “Ẹ má wulẹ̀ mú mẹkáníìkì wá, Mọ̀mí, ẹ kàn máa fi owó ṣòfò ni. Ìṣojú mi ni ọkọ̀ yìí wà láti ọjọ́ tí bàbá mi àgbà ti rà á. Ìrì gan-an ò tíì sẹ̀ sí i lára rí.”

Oyèníhùn gbé ìgò lé orí tábìlì, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Akọ̀wé kóòtù fọwọ́ bo ẹnu. Májísíréètì, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín lórí àga, gbé ìgò náà sókè, ó yí i wò, ó sì yíjú sí Gbólágadé.

“Ta ni àwọn wọ̀nyí? Ṣé wọ́n ń bá bàbá rẹ àgbà lọ sí ìpàdé ni?”

Gbólágadé wo ilẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé ẹ̀kún omi bo ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ lọ́dún tó kọjá, òun sì fọ̀ ọ́, òun kùn ún. Ó nawọ́ sí rìsíìtì, ọfà kan ṣoṣo tó kù nínú apó rẹ̀.

Májísíréètì ní, “Ìwé yìí lè bo àléébù tí ìwọ náà kò mọ̀. Kò lè bo irọ́ tí o mọ̀ọ́mọ̀ pa kí ìyá yìí tó rà á. Mo fagi lé ọjà náà. Dá gbogbo owó rẹ̀ padà, kí o sì wá gbé ọkọ̀ rẹ.”

Gbólágadé sanwó pé pérépéré, ó sì mú ọkọ̀ akẹ́rù wá fa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Oyèníhùn na kọ́kọ́rọ́ sí i bí ọba tó ṣẹ́gun ṣe ń na ọwọ́ sí ọba tó túúbá. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ má bínú, Mọ̀mí.”

“Dìde. Wọ́n ní ìyàwó rẹ lóyún.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ̀mí. Oṣù tó ń bọ̀ ni.”

“Tó bá di àkókò, pè mí, n óò wá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹlòmíràn ni kí o fi wá gbé mi.”

Nítorí náà, kí tilé-toko ó gbọ́, kí ẹni tó gbọ́ ó sọ fún ẹni tó wà lọ́nà oko: láti òní lọ, Oyèníhùn Àbẹ̀ní ni a ó máa pè ní Arógun-má-sá, Ajagunṣẹ́gun-láìfàdáyọ, obìnrin kan ṣoṣo ní Ìkirè tó ra ọkọ̀, tó dá a padà, tí ọlọ́kọ̀ sì tún dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́.