Oyún Bọ́tà

Ẹjọ́ ajá ló gba gbogbo ààfin Baálẹ̀ Fákúnlé ní Òkè-Àfà lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, débi pé àwọn ọkùnrin méjì tó ń jà sí ilẹ̀ kan ṣoṣo, èyí tí Baálẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ tà fún àwọn méjèèjì, ní láti padà sílé kí wọ́n wá lọ́jọ́ mìíràn. Inú Baálẹ̀ dùn sí ìyẹn púpọ̀. Baálẹ̀ lásán ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí o kò bá pè é ní Kábíyèsí, o ti jẹ̀bi kí o tó jókòó.

Ó wo ajá náà. Ajá kékeré onírun funfun ni, ó nà sórí ẹsẹ̀ ọmọbìnrin tó ni ín. Ikùn rẹ̀ yọ gbẹ̀ǹdù, irun ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń re, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Baálẹ̀ mọ ajá yẹn dáadáa. Àmọ́ ó ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

"Ìwọ ọmọbìnrin, kí lo bá wá?"

"Motọ́lání lorúkọ mi, Kábíyèsí. Pápákọ̀ òfurufú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣífítì alẹ́ sì ni wọ́n sábà máa ń fi mí sí. Mo bẹ Ìyá Memunat, tí yàrá wa jọ kọjú síra, pé kí wọ́n máa bá mi fún Bọ́tà ní oògùn láràárọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ, kí wọ́n sì máa bu omi sí abọ́ rẹ̀. Wọ́n gbà. Àfi bí mo ṣe dé láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ajá mi nà gbalaja sí kọ́rídọ̀, kò lè dìde. Díẹ̀ ló kù kó kú, Kábíyèsí. Òun nìkan ni mò ń bá nílé."

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Mi ò lè fiṣẹ́ sílẹ̀. Bí kò bá sì rẹ́ni fún un ní oògùn láràárọ̀, ó máa kú. Ẹ bá mi bá wọn wí, kí ẹ sì bá mi wá ẹni tí mo lè fọkàn tán."

Fàósátù, Ìyá Memunat, tó ń ta ike ní Òṣòdì, ti dìde kí wọ́n tó pè é.

"Kábíyèsí, mi ò jẹ̀bi. Aboyún ni mo tọ́jú."

"Aboyún wo?"

"Bọ́tà ni."

Ìyá Memunat nawọ́ sí ajá náà.

"Ẹ wo ikùn, Kábíyèsí! Kì í yó, omi kì í tó o, ó ń tọ̀ káàkiri kọ́rídọ̀. Bí èmi náà ṣe ṣe nìyẹn nígbà tí mo lóyún Memunat."

"Ẹ̀ ń tọ̀ káàkiri kọ́rídọ̀?" Ọ̀tún Ògúnjìmí, ìjòyè tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Baálẹ̀, béèrè.

"Ọ̀tún, ọ̀rọ̀ ajá là ń sọ, ẹ jọ̀ọ́."

"Oògùn tó fún ọ ńkọ́?" Baálẹ̀ ní.

Ìyá Memunat yọ agolo mílíkì kan nínú báàgì rẹ̀, ó mì ín, ó ń dún ṣakaṣaka. "Gbogbo ẹ̀ ló wà níbí. Aboyún kì í ṣàdédé lo oògùn láì bi nọ́ọ̀sì léèrè. Mò ń bá a tọ́jú ẹ̀ dìgbà tó bá bí tán ni."

"Omi ńkọ́?"

"Tó bá ti dìrọ̀lẹ́ ni mò ń gbé abọ́ kúrò, kí omi má baà bo àwọn ọmọ mọ́lẹ̀ níkùn. Mo tún se agbo aboyún fún un, irú èyí tí ìyá mi ń sè n'Ísẹ́yìn. Mùsùlùmí ni mí, Kábíyèsí, itọ́ ajá ò gbọdọ̀ kàn mí. Ọ̀rá ni mo fi wé ọwọ́ méjèèjì, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo fi ṣíbí ọbẹ̀ gígùn na agbo sí i lẹ́nu. Ta ló máa ṣe tó bẹ́ẹ̀ fún ajá ẹlòmíì?"

"Kí ló dé tí ẹ ò bi mí?" Motọ́lání pariwo.

"Kí n bi ọ́ léèrè oyún? Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni mí o. Àdúrà ni mò ń gbà. Gbogbo àárọ̀ tí o bá dé, ṣebí mo máa ń sọ pé a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ?"

"Mo rò pé èmi lẹ̀ ń gbà á fún ni! Mo ní bóyá ẹ rí ọkọ fún mi lójú àlá. Mò ń ṣe àmín!"

Ààfin bú sẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí àwọn ẹlẹ́rìí wá. Mísbáù tó ń lẹ táyà lẹ́nu géètì ló kọ́kọ́ dé.

"Ojú mi ló ṣe, Kábíyèsí. Akọ ajá dúdú kan ló wá bá a."

"Funfun ni," Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ aránṣọ já lu ọ̀rọ̀. "Mo rí i láti ojú fèrèsé mi."

"Fèrèsé rẹ kò kọjú sí géètì."

"Ìwọ náà kò sí ní géètì lọ́jọ́ yẹn, Ejìgbò lo lọ."

"Ọmọ mélòó ló wà níbẹ̀?" Ọ̀tún béèrè. Ojú rẹ̀ ń dán.

"Mẹ́ta ni," Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ní. "Mo gbọ́wọ́ lé e, wọ́n ń tapá, wọ́n ń tasẹ̀."

"Irọ́ ni! Bó bá jẹ́ mẹ́ta, kò ní kàn mí," Mísbáù ní.

Baálẹ̀ sún síwájú. "Kí ni kò ní kàn ọ́?"

Ibẹ̀ ni àṣírí tú. Ìyá Memunat ti pín àwọn ọmọ ajá tí wọn kò tíì bí fún gbogbo àdúgbò. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ní ọ̀kan, ó ń fi orí ẹja ránṣẹ́ sí aboyún. Mísbáù náà ní ọ̀kan.

"Ta ló tún kù?"

"Ọ̀tún ní akọ kan, Kábíyèsí," Ìyá Memunat dáhùn. " Eegun ẹran ni wọ́n ń fi ránṣẹ́."

Ikọ́ gbé Ọ̀tún.

"Ta ló tún kù?"

"Kábíyèsí, ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀."

"Mo ní ta ló tún kù!"

"Olorì ni. Wọ́n ní kí n ya àkọ́bí sọ́tọ̀ fún Kábíyèsí."

Ojú ti Baálẹ̀, ó tì í gan-an. Káfíńtà ti kan ilé ajá sẹ́yìnkùlé rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì yan pọ̀nmọ́ tí Olorì gbé lọ fún aboyún lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó wá ẹni tí yóò jágbe mọ́, kò rí. Ó bá pe Dókítà Ọládùnní, dókítà ẹranko tó wà ní Àjàó Estate, tí Motọ́lání mú wá.

"Kábíyèsí, kì í ṣe oyún. Àìsàn kan ni tí wọ́n ń pè ní Kúṣíìn. Nǹkan kékeré kan hù sábẹ́ ọpọlọ rẹ̀, ó ń mú kí ara rẹ̀ pèsè oje kan ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyẹn ló fa ikùn ńlá, òùngbẹ, ebi àti irun tó ń re. Oògùn yẹn ló ń dá a dúró, láràárọ̀, títí ayé rẹ̀. A ó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò látìgbàdégbà, bó bá sì ń bì, kí wọ́n dá oògùn dúró kí wọ́n pè mí. Ẹni tó bá gba omi lẹ́nu rẹ̀, pípa ló ń pa á."

"Ṣé ó dá ọ lójú pé kò lóyún?" Ọ̀tún béèrè tìbànújẹ́tìbànújẹ́.

"Bàbá, èmi ni mo yọ ilé ọmọ rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré."

Ìyá Memunat pòṣé. "Dókítà òde òní! Ìwọ ti bí mélòó? Mo mọ oyún tí mo bá rí i. Mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà!"

Baálẹ̀ wo obìnrin náà, ó wo agolo mílíkì ọwọ́ rẹ̀. Bí òun bá kàn bú u, kò ní yí i padà, á tún lọ tọ́jú aboyún mìíràn bẹ́ẹ̀. Bọ́tà ti rọra dìde, ó ń lá omi nínú abọ́ tí Motọ́lání gbé sílẹ̀, ó ń lá a bí ẹni pé wọ́n á tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe Baálẹ̀.

"Ilé-ẹjọ́ yìí gba ọ̀rọ̀ Ìyá Memunat gbọ́," ó ní. "Bọ́tà lóyún."

"Kábíyèsí!" Dókítà fò dìde.

"Jókòó, Dókítà. Ìyá Memunat, ta ló kọ́kọ́ rí oyún yìí?"

"Èmi ni, Kábíyèsí."

"Nígbà náà, ìwọ ni agbẹ̀bí rẹ̀. Láràárọ̀ ni wàá máa gbé e wá sí ààfin, wàá fún un ní oògùn pẹ̀lú oúnjẹ lójú Olorì. Omi kò gbọdọ̀ tán nínú abọ́ rẹ̀. Ìtọ̀ kọ́rídọ̀, ìwọ ni wàá máa nù ún. Mísbáù ni yóò máa pọn omi. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ kò gbọdọ̀ gbé orí ẹja débẹ̀ mọ́. Ọ̀tún ni yóò máa gbé e lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, lórí itan rẹ̀. Ilé ajá tó wà lẹ́yìnkùlé mi ti di ti Bọ́tà, ibẹ̀ ni yóò ti máa sinmi tó bá wá."

"Kábíyèsí, ẹni tó fẹ́ pa á?" Motọ́lání ń sunkún.

"Ọmọ mi, obìnrin yìí fi ọ̀rá wé ọwọ́ kó lè na agbo sí ajá lẹ́nu. Gbogbo Òkè-Àfà, ta lo tún rí tó lè ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀? Kò mọ̀ ọ́n ṣe ni. Dókítà á kọ́ Ìyá Memunat, Olorì á sì máa ṣọ́ obìnrin náà."

Ìyá Memunat kúnlẹ̀. "Títí dìgbà wo, Kábíyèsí?"

"Títí yóò fi bímọ. Ọjọ́ tí o bá gbé ọmọ rẹ̀ kan dé iwájú mi, mo tú ọ sílẹ̀."

"Ẹ ṣé o, Kábíyèsí! Ìyẹn ò le rárá, ó ti sún mọ́lé!" Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù, ó sì ń fi Motọ́lání ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe ń jáde lọ.

Ẹnu ọ̀nà ló dé tó fi dúró. Ó padà sọ́dọ̀ dókítà, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n Baálẹ̀ gbọ́ ọ láti orí àga.

"Dókítà, ilé ọmọ tí ẹ yọ yẹn, ṣé kì í hù padà ni?"

"Kì í hù, mà. Ẹ má pẹ́ dé láàárọ̀ ọ̀la."