Ẹ̀dà Kejì Ìwé Gbẹ́nàgbẹ́nà

Télọ̀ kan, tí téèpù ìwọ̀n ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, wọ ilé ìkàwé bí ẹni tó ń ti ibi ìsìnkú bọ̀. Ìyá olùtọ́jú ìwé gbójú sókè. Ìyá yìí ti ka gbogbo ìwé ibẹ̀ tán, ojú ènìyàn nìkan ló kù tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà.

"Mà, bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà ti kú."

"Yéè! Kú ará fẹ́ra kù, ọmọ mi. Ìgbà wo?"

"Láàárọ̀ yìí, lójú ìwé igba ó lé mẹ́wàá."

Ìyá já ìwé tó gbá mọ́ àyà gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Inú ìwé ló kú sí! O sì já mi láyà báyìí?"

"Màmá mi ni mò ń kà á fún, mà. Oṣù kejì rèé tí wọn ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n fẹ́ràn bàbá yìí débi pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí pé ṣé ó ti jẹun. Ojú ìwé mẹ́rin ló kù, ni mo bá yọjú wò ó ṣáájú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé òkú wọlé tọ̀ wọ́n? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ẹ̀dà kejì."

"Ó kú nínú ẹ̀dà kejì náà."

"Ṣé ẹ ti wò ó ni?"

"Kí ni mo fẹ́ wò? Ìwé kan náà ni!"

"Mà, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ránṣọ. Sítáì kan náà, aṣọ kan náà, fún ìbejì pàápàá, kò jọra rí. Ọ̀kan á fún lápá, èkejì á máa wọ́lẹ̀. Ṣé ìwé ló máa wá bára mu?"

"Ẹ̀rọ ló tẹ ìwé!"

"Ẹ̀rọ náà lèmi fi ń ránṣọ, mà."

Ìyá bọ́ sídìí pẹpẹ.

"Ó dáa, gba fíìmù ẹ̀."

"Ṣé ó kú níbẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Ó kọ́kọ́ kú, ìyàwó ẹ̀ wá tún rántí ikú náà. Wọ́n sì fi orin sí i."

"Ẹ dá a padà! Mò ń sá fún ikú kan, ẹ ń gbé méjì lé mi lọ́wọ́."

"Ìwé ìtọ́jú ehoro yìí ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò kú nínú eléyìí."

Télọ̀ ṣí ìwé náà sẹ́yìn pátápátá.

"'Bí a ṣe ń se ehoro.' Mà! Kí màmá mi tọ́jú ehoro látòkè délẹ̀, kí wọ́n wá bá a nínú ìkòkò?"

"Èèyàn ni mo ní kò kú. Ta ló ń sọ ti ehoro?"

Télọ̀ fa sísọ́ọ̀sì kan tó ní eyín yọ lápò.

"Ẹ jẹ́ kí n kúkú gé ibi ikú náà kúrò. Eléyìí la fi ń gé etí aṣọ kó má baà tú. Kò ní hàn."

"Gé kí ni? Ìwé gbogbo ìlú! Dá nǹkan yẹn padà sápò kí n tó lọgun! Ẹ̀dà kejì yẹn, jẹ́ n gbé e fún ọ kí ọkàn rẹ lè balẹ̀."

Ó fẹ́ eruku orí ẹ̀dà kejì dànù, ó sì ṣí i sẹ́yìn. Ojú ìwé igba ó lé mẹ́fà ló parí sí. Etí ibi tí wọ́n ti gé ìyókù rí bí eyín ayùn.

Télọ̀ fọwọ́ pa á.

"Sísọ́ọ̀sì eléyín ni. Ẹ wo bó ṣe gún régé. Télọ̀ ló gé e, mà."

"Télọ̀ wo? Ọwọ́ á tẹ̀ ẹ́ lónìí!" Ìyá yọ káàdì ẹ̀yìn ìwé. "Ẹnì kan ṣoṣo ló yá a rí, ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rèé. Ìyáàfin aránṣọ, ilé kẹrìnlá, ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́."

"Ilé wa nìyẹn."

Télọ̀ rọra jókòó sórí àkàbà ìdí pẹpẹ.

"Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà náà, ibà ń ṣe mí. Màmá ń ka ìtàn kan fún mi. Mo bi wọ́n pé báwo ló ṣe parí, wọ́n ní, 'Ó ń kan àga lọ́wọ́.' Mo sì gbà wọ́n gbọ́. Àwọn náà ló ní kí n wá yá ìwé yìí."

"A jẹ́ pé wọ́n mọ̀ pé ó kú."

"Wọ́n mọ̀, wọ́n sì ń bi mí pé ṣé ó ti jẹun!" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi téèpù nu ojú. "Ẹ fún mi ní ẹ̀dà kejì, mà. Tí wọ́n bá bi mí bó ṣe parí, màá ní ó ń kan àga lọ́wọ́. Mo ṣáà sọ fún yín pé méjì kì í jọra."

Ìyá tẹ òǹtẹ̀ sí i. Télọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà kí ìyá tó wo ọ̀tún, kó wo òsì, kó sì pè é padà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Télọ̀, mú sísọ́ọ̀sì yẹn bọ̀. Ajá kan wà nínú ìwé kan lórí pẹpẹ kẹta, ogún ọdún rèé tó ti ń kú lójú mi."