Ọjọ́ Tí Mo Dorí Wàláà Kodò

Làsísì, ọmọ Àlùfáà àdúgbò wa ní Ṣakí, ló kọ́kọ́ já mi kulẹ̀ láyé. Ẹ jẹ́ n dárúkọ rẹ̀ kí n tó sọ ohunkóhun. Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn ó fi kírun sí mi lára, òun náà ló sì wà nídìí rẹ̀.

Nígbà tí gbogbo wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń ná náírà, èmi àti Làsísì ń múra ìgbéyàwó. Àkókò náà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ kan ní Ìbàdàn gbà mí wọlé. Mo sáré lọ sọ fún un. Ẹ̀pà ló ń bó, kò gbójú sókè.

"Yan ọ̀kan," ó ní. "Èmi tàbí ìwé."

"Ṣé ìwé ò lè bá wa gbélé ni?"

"Ibo ni yóò dúró sí? Yàrá kan ni mo ní."

Mo yan ìwé. Kí n tó di ẹrù mi tán, ó ti ń fẹ́ ẹlòmíràn, ó sì ń ròyìn kiri pé ọmọ tí kò ka Kùránì rẹ̀ dé ìdajì fẹ́ di òyìnbó. Èyí tó dùn mí jù ni pé òótọ́ ni. Mo ti fi kéú sílẹ̀ láìparí.

Ọdún gorí ọdún. Mo di hẹdimísírẹ́ẹ̀sì nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ṣakí, ọkọ kò sì sí. Mo ti gba kádàrá, mo ń fi ìrọ̀lẹ́ mi mákì ìwé ọmọ ọlọ́mọ. Kámọ́rù wá dé láti Ìsẹ́yìn, ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó gbé aṣọ òfì tó hun fún tíṣà wa kan wá. Ó bá mi níbi tí mo ti ń kírun lẹ́yìn kíláàsì, ó sì dúró nínú oòrùn títí mo fi parí.

"Mi ò lè já lu ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀," ó ní.

Èmi àgbàlagbà, mo rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wa di ti ìgbéyàwó, mo bi í léèrè bí yóò ti rí sí iṣẹ́ mi. Ó ní, "Òfì ṣeé gbé. Ilé-ìwé ò ṣeé gbé. Èmi ni n ó kó wá sí Ṣakí."

Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló kù. Wọ́n ní bí kò bá sí wòlímà ìparí Kùránì, kò sí yìgì. Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ kéú ni mo gbọ́dọ̀ ti parí rẹ̀. Ta ló sì jogún ilé-kéú náà? Làsísì. Bí èmi tí mo ń na ọmọ láàárọ̀ ṣe ń bá àwọn ọmọ yẹn náà jókòó lórí ẹní nírọ̀lẹ́ nìyẹn.

"Hẹdimísírẹ́ẹ̀sì, sún sẹ́yìn," Làsísì á na pàṣán sí mi. "O ti bo àwọn ọmọdé lójú."

Inú àwọn ọmọ náà dùn ju ọjọ́ iléyá lọ.

Mo ka Kùránì náà tán. Lọ́jọ́ wòlímà, mo wọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àbúrò Kámọ́rù ti ń bi ara wọn pé, "Ṣé ìyàwó nìyí, àbí ìyá ìyàwó?" Nítorí náà mo fi awò ojú mi sílé. Mo kúkú ti mọ ibi tí n ó kà sórí. Wọ́n gbé wàláà tí wọ́n kọ Kùránì sí lé mi lọ́wọ́, mo bẹ̀rẹ̀. Ohùn mi dùn lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́. Mo tilẹ̀ ń fi ìka tọ ìlà rẹ̀ bí ẹni tó ń ríran.

Àwọn ọmọ tí a jọ jókòó bẹ̀rẹ̀ sí fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo gbàgbé ibi tí mo wà.

"Ta ló ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn?" mo ké mọ́ wọn. "Ẹ kúnlẹ̀!"

Àwọn ọmọ kúnlẹ̀. Àwọn àgbà méjì kan tó wà lẹ́yìn pàápàá fẹ́ kúnlẹ̀.

Làsísì dìde. "Hẹdimísírẹ́ẹ̀sì, o dorí wàláà kodò."

Ẹ̀rín bú. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń wo ilẹ̀. Làsísì ní, "Ẹ̀yin náà ẹ rí i. Àkọ́sórí lásán ni. Ẹni yìí ò tíì jáde kéú." Bí ọ̀rọ̀ yẹn bá fi lè múlẹ̀, kò sí yìgì lọ́la.

Kámọ́rù ló dìde láàárín àwọn ọkùnrin. Ó bọ́ awò ojú tirẹ̀, èyí tí apá rẹ̀ kan ti kán, tó fi òwú òfì so, ó fi wọ̀ mí níṣojú gbogbo wọn.

"Àlùfáà, ẹ gbé Kùránì fún un," ó ní. "Ibi tó bá wù yín ni kí ẹ ṣí."

Làsísì ṣí ibi tí ó rò pé yóò há mi lọ́fun. Awò ń yọ̀ bọ́, ìborùn mi ti balẹ̀, mo fi ọwọ́ kan di awò náà mú mọ́ imú, mo ń kà. Mo kà títí Làsísì fúnra rẹ̀ fi ní, "Ó tó." N kò dúró. Mo ṣí ojú ewé tó kàn.

Wọ́n so yìgì wa lọ́jọ́ kejì. Kámọ́rù ti lọ bá Ọlọ́run rẹ̀ báyìí. Awò olówùú yẹn ṣì wà nínú àpótí mi. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó fẹ́ jọ ọmọge kó má fi ojú rẹ̀ sílé. Mo máa ń dá rẹ́rìn-ín bí mo bá rántí, bẹ́ẹ̀ n kò tíì dárí ji Làsísì tán. Àmọ́ ó wá sí ọ́fíìsì mi lọ́jọ́ kan, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí mo fi ní kó jókòó. Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀.

"Hẹdimísírẹ́ẹ̀sì, ọmọ yìí ní tíṣà lòun fẹ́ ṣe. Mo ní kó yan èmi tàbí ìwé, kò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un dé Ìbàdàn."