Agbádá Baálẹ̀ àti Áàpù Akínrìnádé

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tó bá ní òun ó dáṣọ fún wa, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò? Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé òwe náà ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ta ló wà níbẹ̀ nínú yín?

Obìnrin kan wà ní abúlé kan lẹ́bàá Ìkirè, Àyọ̀ká lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ ló fi ń ṣe ọnà sí ọrùn agbádá, kọ̀ǹpútà ló sì ń darí ẹ̀rọ náà. Kọ̀ǹpútà ọ̀hún ti dàgbà, ṣùgbọ́n kò ṣàìsàn rí. Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí Látúndé jẹ Baálẹ̀, agbádá oyè rẹ̀ wà lẹ́nu ẹ̀rọ Àyọ̀ká. Ìdílé kejì tó du oyè náà ṣì ń bínú. Àbùkù kékeré kan péré ni wọ́n ń wá tí wọn ó fi ní oyè ò tọ́ sí i.

Ni Akínrìnádé, oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, bá wọlé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Kọ̀ǹpútà yín ti gbó. Ẹ jẹ́ ká fi ètò tuntun sí i."

"Ṣé áàpù tí mo fi ń ya ọnà á lè bá a gbé?"

"Ìyẹn gan-an ni mo bá wá. Mo ní áàpù kan tó ń yẹ áàpù wò. Ó máa sọ èyí tó lè bá ètò tuntun gbé àti èyí tí kò lè bá a gbé."

"Bó bá wá ba aṣọ Baálẹ̀ jẹ́ ńkọ́?"

Akínrìnádé fọwọ́ lu àyà. "Èmi fúnra mi ni n ó dá òmíràn fún wọn!"

Ó tan áàpù rẹ̀, áàpù kọ̀. Ó ní òun náà ti gbó, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ sọ òun di tuntun. Akínrìnádé sọ ọ́ di tuntun. Bó ti di tuntun tán, ó ní òun kì í ṣiṣẹ́ lórí ètò àtijọ́ mọ́. Ìyẹn ni pé kí wọ́n tó mọ̀ bóyá kí wọ́n fi ètò tuntun sí i, àfi kí wọ́n ti fi sí i ná. Akínrìnádé ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ó fi sí i.

Áàpù ọnà Àyọ̀ká kú lójú ẹsẹ̀. Ìgbà náà ni áàpù ayẹ̀wò wá ń fọ́nnu pé áàpù ọnà ò ní lè bá tuntun gbé.

"Ẹ jẹ́ n tẹ èsì yẹn jáde," ni Akínrìnádé wí.

Ètò tuntun wá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kiri, kò rí. Ẹ̀rọ ọnà ló rí, ló bá sọ ìyẹn di ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Kí Àyọ̀ká tó kígbe, ẹ̀rọ ti fi òwú wúrà kọ ọ́ gàdàgbà sí ọrùn agbádá Baálẹ̀: ÈYÍ TI GBÓ. KÒ BÁ TUNTUN MU. Ẹ YỌ Ọ́ KÚRÒ.

Nígbà tí ìdílé kejì gbọ́, inú wọn dùn débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Wọ́n ní aṣọ fúnra rẹ̀ ti sọ̀rọ̀.

Látúndé dé, ó kà á, ó yíjú sí Akínrìnádé. "Wọ́n ní o máa dá òmíràn fún mi."

Akínrìnádé dọ̀bálẹ̀, ó bọ́ dàńṣíkí ọrùn rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Dàńṣíkí náà ti ya dé àyà. Wáyà kọ̀ǹpútà ló fi so ó pọ̀.

"Àyọ̀ká," ni Látúndé wí, "nígbà tí eléyìí ń ṣèlérí, kí lo ń wò?"

"Ẹnu rẹ̀ ni mo ń wò, Bàbá."

Kò sí aṣọ míì, ilẹ̀ sì ti ṣú. Lọ́jọ́ kejì, Látúndé wọ agbádá náà ní òdì, ó sì jẹ Baálẹ̀. Ó dìde láti bá ìlú sọ̀rọ̀. Ó ṣèlérí ọ̀nà, ó ṣèlérí omi, ó wá fi ọgbọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ kún un.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá ní òun ó dáṣọ fún wa, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò."

Ni gbogbo ìlú bá gbójú sókè, wọ́n wo ọrùn Baálẹ̀.