Mereoni Fẹ́ Kọ́ Ọkọ̀

Ọjọ́ kẹta rèé tí àwọn ọmọ abúlé kò lọ síléèwé ní erékùṣù kejì, nítorí awakọ̀ ojú omi wọn ti bá iṣẹ́ ìrèké lọ sí Labasa. Tíṣà Apolosi tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ní kó yan ẹni tí yóò kọ́ iṣẹ́ náà. Mereoni apẹja, ìyàwó Viliame, wá bá a létí òkun, níbi tí ariwo ìgbì kò ti jẹ́ kéèyàn gbọ́rọ̀ dáadáa.

"Tíṣà, mo fẹ́ kọ́ ọkọ̀."

"O fẹ́ kọ ọkọ? Kí ló ṣe ọ́?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó kàn gbó díẹ̀ ni, ó sì ń mumi."

"Yàkónà tí wọ́n ń mu bí ọtí lò ń pè lómi yẹn. Ọkùnrin wo ni kì í mu ún?"

"Ogún ọmọ ló sì wà lọ́rùn ẹ̀, Tíṣà."

Tíṣà rọra jókòó sórí iyanrìn. "Viliame? Ogún?"

Àfìgbà tí Mereoni nawọ́ sí ọkọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó yé e. Ló bá dìde, ó gbọn ìdí, ó ní wọ́n ti kọ́ àwọn tíṣà ní Suva pé ojú àti ọwọ́ lọkùnrin fi ń kọ́ nǹkan, etí ni tobìnrin. Ẹ́ńjìnnì kì í sì í ṣe iṣẹ́ etí.

"Ó dáa," ni Mereoni wí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ojú àti ọwọ́, ẹ tan án, kémi fetí gbọ́ ọ."

Tíṣà fa okùn ẹ́ńjìnnì títí aṣọ tó ró mọ́dìí fi fẹ́ẹ̀ já bọ́. Ẹ́ńjìnnì kò tiẹ̀ wúkọ́. Mereoni, tó ti ń gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja jókòó ti ẹ́ńjìnnì ọ̀hún fún ọdún mẹ́fà, nawọ́ ṣí ẹnu epo, ó fa okùn lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ́ńjìnnì dáhùn. Mereoni tukọ̀ gba àárín àpáta abẹ́ omi kọjá wẹ́rẹ́, Tíṣà sì di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú tọwọ́ méjèèjì.

Nígbà tí àyà ẹ̀ balẹ̀, ó béèrè bóyá báyìí ni gbogbo ará ilé Mereoni ṣe ń kọ́ nǹkan.

"Rárá o. Èmi, kí n ṣáà ti rí i. Àbúrò mi obìnrin, àfi kẹ́ ẹ sọ fún un lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, àpáta ló kọ́ ọ."

Tíṣà yọ ìwé ẹ̀, ó wo ibi tó kọ "Obìnrin: etí" sí, ó pa "etí" rẹ́.

"Kí ni kí n wá kọ síbí?"

"Mereoni ni kẹ́ ẹ kọ, Tíṣà. Awakọ̀ lẹ ń wá."