Ìyá Awakọ̀ Ní Kí Bàálù Rọra

Gbì! Gbì! Jìgìjìgìjìgì!

Bàálù bọ́ sínú atẹ́gùn líle. Omi tí mò ń pín fún èrò fò kúrò nínú ife, ó balẹ̀ sórí ọkùnrin apárí kan, wàà! Kí n tó bẹ̀ ẹ́, ìyá kan tó jókòó níwájú pátápátá ti figbe ta.

"Ìwọ ọmọ yìí! Lọ sọ fún ọmọ mi kó rọra! Eré àsápajúdé kọ́ ni mo rán an lọ kọ́!"

Ọmọ Màmá, àbígbẹ̀yìn wọn, ló ń wa bàálù náà. Ẹsẹ̀ bàtà ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógójì la wà sílẹ̀, Màmá sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà lẹ́yìn alùpùpù.

Ohun tí Màmá ò mọ̀ ni pé ìdánwò lọmọ wọn ń ṣe lọ́jọ́ náà, bóyá ó yẹ lẹ́ni tí wọ́n á sọ di ọ̀gá awakọ̀. Bàbá tó ń dán an wò jókòó tì í, gègé lọ́wọ́. Padàwá la máa ń pè é, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n sọ ni "Padà wá lọ́dún tó ń bọ̀." Ó ti sọ ọ́ fún ọmọ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá fi lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọ ò ní rí ipò ọ̀gá gbà mọ́ láyé.

Ọ̀rọ̀ eré gan-an ni Padàwá sì fi ń já èèyàn. Lókè réré yẹn, afẹ́fẹ́ ò nípọn tó ti ìsàlẹ̀. Bàálù tó bá rọra jù, afẹ́fẹ́ ò ní lè gbé e mọ́, á já bí òkò. Èyí tó bá sáré jù, ara ẹ̀ á máa gbọ̀n, ó sì lè bàjẹ́. Àárín méjèèjì ò fẹ̀ rárá, ibẹ̀ ni kí awakọ̀ dúró sí, kó má yà.

Mo gbé fóònù ara ògiri tá a fi ń bá àwọn awakọ̀ sọ̀rọ̀. "Màmá yín ní kẹ́ ẹ rọra."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn pé mo ti rọra dé ibi tó yẹ. Tí mo bá tún dín in kù, a máa já ni."

Mo jíṣẹ́. Ojú Màmá pọ́n.

"Ta ló rọra tó já? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́! Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìgbín fi ń gun igi!"

Mo tún gbé fóònù. Ọmọ ní, "Ẹ sọ fún màámi pé ìgbín ò fò rí."

Ẹ̀rín ń pa mí! Mo gbé ìyẹn mì, mo ní ọmọ wọn ń kí wọn.

"Mi ò ní kó kí mi!" Màmá tú bẹ́líìtì, wọ́n gbé báàgì lé apá. "Ó dáa. Sọ fún un kó dúró. Màá bọ́ọ́lẹ̀ níbí."

Níbí!

Lórí àwọsánmà!

Ni apárí bá dìde, omi ṣì ń kán ní etí ẹ̀. "Ẹ gbọ́ tàgbà o!" Ló bá di orin: "Rọra, awakọ̀! Rọra, awakọ̀!" Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i. Èèyàn àádọ́jọ ló ń bẹ awakọ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó pa àwọn.

Mo tún gbé fóònù kí n lè sọ fún wọn, ohùn Padàwá ni mo gbọ́ nínú ẹ̀. "Àwọn èrò ní kó o rọra. Kí lo máa ṣe?"

Ọmọ náà dá a lóhùn.

"Sà, eré yìí ló tọ́. Mi ò ní fọwọ́ kàn án."

Ló bá bọ́ sórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Màámi, mo ti gbọ́ o. Mo ti ń rọra."

Irọ́ gbuu! Kò dín ohunkóhun kù. Ṣùgbọ́n a ti ré kọjá atẹ́gùn líle náà, ara bàálù sì rọlẹ̀. Màmá yọjú lójú fèrèsé, wọ́n rí àwọsánmà tó dúró bí ẹni tó sùn.

"Ẹ ò rí i? Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rìn mọ́. Ọmọ tó gbọ́ràn!" Wọ́n sùn, wọ́n ń hanrun.

Ìgbà tá a ń balẹ̀ leré wa wá kéré jù lọ. Àmọ́ ilẹ̀ ti sún mọ́ wa: igi, ilé, òpó iná, fìrì! fìrì! fìrì! Màmá ta jí.

"Yéè! Ta ló gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ọmọ mi?"

Gbàgà! A ti balẹ̀.

Padàwá ló kọ́kọ́ jáde, ìwé ìdánwò lọ́wọ́ ẹ̀, kò tíì kọ nǹkan kan sí i. Ọmọ tẹ̀ lé e, ó ń làágùn. Màmá dènà Padàwá.

"Ẹ̀yin lẹ wà á balẹ̀, àbí?"

"Mà?"

"Ẹ má ṣe mà fún mi! Ọmọ mi gbé wa bọ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Ó ku díẹ̀ ká dé, ẹ gbà á, ẹ dáná eré yá. Àgbàlagbà yín!"

Ọmọ lanu. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ kó pa á dé.

Màmá rí ìlà wúrà mẹ́rin, àmì ọ̀gá awakọ̀, léjìká Padàwá. Wọ́n wo ti ọmọ wọn, mẹ́ta péré ni. "Ẹ wo ìrẹ́jẹ! Ẹ bọ́ ọ. Ẹ bọ́ ọ fún ẹni tó mọ ọkọ̀ wà."



Padàwá wo Màmá. Ó wo ìwé ọwọ́ ẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan sí i, ó fọwọ́ sí i. Ló bá yọ aṣọ ìlà mẹ́rin náà kúrò léjìká ẹ̀ kan, ó ki í bọ èjìká ọmọ.

"Ẹ má bínú, Mà. Ó ti di ọ̀gá awakọ̀."

Màmá ò yà lọ́nà. Wọ́n tún na ọwọ́.

"Èjìká méjì lọmọ mi ní."