Ìrẹ̀ Tí Láoyè Kò Jẹ

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé kòkòrò tì ná. Ọtí ni.

Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ pa irọ́ ọ̀hún, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ kó tó pa á. Láoyè ọkọ rẹ̀ jẹ́ ahunṣọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í yé gbọ̀n láàárọ̀ àyàfi tó bá rí ògógóró mu. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan wá gba aṣọ òkè tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi ṣègbéyàwó. Aṣọ wọ́ bí ipa ejò, ahunṣọ sì ń bì lẹ́yìn ilé.

"Kí ló ṣe é?" ni ìyá náà bi Àwẹ̀ró.

"Kòkòrò ló jẹ, ìyá mi. Ìrẹ̀ ni."

Baba Mọgàjí, olórí agbo ilé, gbọ́, ó sì pe Àwẹ̀ró sí kọ̀rọ̀. Òun náà mọ ohun tí Láoyè ń mu. "O ṣe é re, ìyàwó wa. Bí a bá ní ọtí ni, orúkọ ilé yóò bàjẹ́. Ìrẹ̀ kò ní orúkọ tí a lè bà jẹ́."

Ó parí. Láoyè bì mọ́jú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò jẹ́ kí agbo ilé sùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n ń fi ojú pípọ́n kí ara wọn pé ìrẹ̀ ni. Láoyè já sínú aró, ó jáde bí aṣọ ẹtù: ìrẹ̀ ni. Wọ́n rọ ọ́ ní epo pupa kí májèlé ìrẹ̀ lè rọ̀. Ó bì í sórí fìlà Mọgàjí. Àwẹ̀ró ló fọ fìlà. Òun náà ló ń so òwú tó já, tó ń bẹ oníbàárà, tó ń rántí irú irọ́ tó pa fún oníkálukú wọn.

Nígbà tó yá, Mọgàjí fòfin de ìrẹ̀. Ó wá ku ẹni tí wọn yóò dá lẹ́bi. Wọ́n mú Ìyá Dékọ́lá, opó tó máa ń ta ìrẹ̀ sísun, nítorí kò ní ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀. Wọ́n da àtẹ rẹ̀ nù, wọ́n sì pe ilé pe ọ̀nà lọ́sàn-án gangan láti lé e kúrò nílùú.

"Ẹ̀yin àgbà," ni Ìyá Dékọ́lá wí, "ó ti pé oṣù mẹ́ta tí ìrẹ̀ ti tán. Ẹ̀pà ni mò ń tà. Kí wá ni Láoyè ń jẹ?"

Mọgàjí wúkọ́. "Ó lè jẹ́ ìrẹ̀ inú ẹ̀pà."

Láoyè dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ́ mọ́ra. "Ìrẹ̀ ńlá ni," ó ní. "Ó níwo."

Ẹ̀rín bọ́. Àwẹ̀ró kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo opó náà tó ń ṣa ẹ̀pà nínú iyanrìn, ó sì mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ènìyàn méjì ni yóò ṣègbé.

"Bàbá Ìge, ọtí ni," ó wí jẹ́jẹ́ fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ ò lè hun ìbú aṣọ kan mọ́ láìmu. Ó ti rẹ̀ mí."

Láoyè wò yíká. "Ṣé ẹ mọ̀ ni?"

"Ewúrẹ́ ilé yìí gan-an mọ̀," ni Ìyá Dékọ́lá wí.

"Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi?"

Láoyè jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Mo ti gbìyànjú. Mi ò lè dá a ṣe."

Opó tí wọ́n fẹ́ lé yìí náà ló sọ pé àbúrò òun lábúlé kejì ti jẹ́ ọ̀mùtí rí, ó ti tó ọdún mọ́kànlá tó ti jáwọ́. Ó ń gba irú Láoyè sílé, oníṣègùn sì ń bá a wò wọ́n, kí ara má baà dàrú bí ọtí ṣe ń kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwẹ̀ró di ẹrù ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mọgàjí tọrọ àforíjì lọ́wọ́ opó. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò tẹ̀ tó, ṣùgbọ́n ó tẹ̀.

Kò yá o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Láoyè tún padà sídìí ọtí, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tún mú un padà, kí ọwọ́ rẹ̀ tó dúró.

Nígbà tí àwọn àgbà wá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ ọmọ, Àwẹ̀ró ní kí wọ́n sọ ọ́ pé, "Bí ará ilé ẹni bá ń mutí…"

"Orúkọ ilé!" ni Mọgàjí kígbe. "Ẹ fi kòkòrò sí i!"

Agbára àríyànjiyàn kò sí lára Àwẹ̀ró mọ́. Ó kàn ní, bó bá jẹ́ kòkòrò náà ni wọn yóò fi sí i, kí wọ́n fi "búburú" kún un, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìrẹ̀ lásán ni, kó tún lọ da àtẹ opó nù.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.